Ṣé ọyẹ́ náà ni kùrukùru?

Àbúrò kan ló béèrè o. Ó ní wọ́n dá àwọn dúró ní eapọ́ọ̀tì Abuja láàárọ̀, wọ́n ní bàálù Kano ò lè gbéra, pé ọyẹ́ ni. Òun wá wo ìta, òtútù ò mú, ewé ò tiẹ̀ mì, ọyẹ́ wo wá nìyẹn?

Ìwọ sáà fetí sí bá a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ọyẹ́ máa ń fẹ́, ọyẹ́ máa ń mú, ètè á máa bó. Kùrukùru ní tiẹ̀, ńṣe ló máa ń bolẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé kùrukùru ń mú òun. Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn àti ìgbà tó ń fẹ́, láti bíi November dé March, kùrukùru ni eruku tó bá a wá láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti Bodélé ní Chad lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ lè gbé e lánàá kó jẹ́ òní ló máa wá dúró pa sórí wa. Àwọn Hausa tá a jọ ń gbé náà ò pò ó pọ̀, hunturu lọ́tọ̀, hazo lọ́tọ̀. (Ìkúùkù òwúrọ̀ tún yàtọ̀ o, omi nìyẹn, oòrùn ló ń lé e lọ. Eruku lè jókòó ti èèyàn fọ́jọ́ mẹ́ta.)

Èmi tí mò ń gbé Madalla, tí mo bá jáde tí mi ò rí òkúta Zuma, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì ti fìka kọ orúkọ wọn sí gíláàsì mọ́tò mi, mo ti mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ wọ bàálù máa jókòó pẹ́ lónìí.

Páílọ́ọ̀tì ò kúkú wá òtútù. Mítà mélòó lojú ríran dé ló ń wá. Nínú METAR, ìyẹn ìròyìn ojú ọjọ́ eapọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, HZ ni kùrukùru, DU leruku tó gbalẹ̀ kan, FG nìkúùkù tójú ò ti ríran tó 1,000 mítà. SIGMET lọ́tọ̀, ìyẹn ni ìkìlọ̀ ewu gan-an: ìjì eruku ńlá, òjò alárá, yìnyín tó ń lẹ̀ mọ́ apá bàálù, afẹ́fẹ́ tó ń gbé bàálù jìgìjìgì. NiMet, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ló ń gbé e jáde fún Kano FIR, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo òfurufú Nàìjíríà nìyẹn, àní Èkó pẹ̀lú. Kì í sábà lò ju wákàtí mẹ́rin lọ kí wọ́n tó gbé òmíì jáde. Torí pé ewu ńlá ni SIGMET wà fún, kùrukùru jẹ́ẹ́jẹ́ tó dá ẹ dúró yẹn lè má sí nínú SIGMET kankan, síbẹ̀ kí bàálù má lè balẹ̀ ní Kano.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú SIGMET ni OBSC TS, òjò alárá tí kùrukùru tàbí òkùnkùn bò mọ́lẹ̀, páílọ́ọ̀tì ò ní fojú rí i. Nígbà míì tí wọ́n bá ní ọyẹ́ ni, bi wọ́n pé mítà mélòó lojú ríran dé ní Kano.