Ìbéèrè Yín: Kọ́ọ̀dù G13 ò dùn lọ́wọ́ mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ kọ́ọ̀dù G7 (àwọn nóòtì tá a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tẹ̀ dáadáa lórí kíbọ́ọ̀dù, àmọ́ tí mo bá ti tẹ G13 tí àwọn onijáàsì ń lò, ńṣe ló máa ń dún rúdurùdu. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ó jọ pé gbogbo nóòtì ẹ̀ lẹ̀ ń tẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tẹ́ ẹ bá ka G sí 1, tẹ́ ẹ wá ń kà lọ sókè, E ló máa bọ́ sí 13. Ẹ yọ D àti A kúrò, ẹ yọ C náà torí òun àti B máa ń forí gbárí. Ọmọ-ìka ọwọ́ òsì lórí G, àtàǹpàkò ẹ̀ lórí F, kí ọwọ́ ọ̀tún wá mú B àti E tó wà lókè ẹ̀, mẹ́rin péré, ó tán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bí E yẹn ṣe ń dán, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wálé sórí kọ́ọ̀dù C, G á gòkè sí C, F á sọ̀ sí E, E tòkè á sọ̀ sí D, B ò ní kúrò níbi tó wà. Tí onígìtá béèsì bá wà pẹ̀lú yín, ẹ fi G sílẹ̀ fún un.