Ta Ló Bu Kọ́bọ̀ Márùn-ún Lé Owó Ẹgbẹ́?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn. Lọ́dún tó kọjá la kó owó wa kúrò nínú lẹ́jà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ṣe é fún wa. Mo tẹ ₦1,250,340.45 sí i, ₦1,250,340.50 ló gbé jáde. Mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, 50 náà ni. Alága ní kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bàbá tó ń yẹ ìwé owó wa wò kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Àbí ẹnì kan ń wọ inú kọ̀ǹpútà wa ni?

Ìdáhùn: Bùọ̀dá akápò, ẹ kú làálàá. Olè kankan ò wọlé. Ẹ ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ṣí tébù tí àkọsílẹ̀ owó yín wà nínú rẹ̀, kó wo irú àyè tó pèsè fún owó. Ó kù díẹ̀ kí n búra pé FLOAT, irú àyè tó ń fi ìfojúbù pa nọ́ńbà mọ́, ló kọ síbẹ̀.

Ẹ pín 1 sí ọ̀nà 3 lórí ìwé: 0.3333, ẹ ó máa kọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. 0 àti 1 nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́wàá, tó rọrùn fún àwa, kì í tán lọ́dọ̀ tirẹ̀. Àyè tí FLOAT ní sì kéré. Bí owó bá ti kọjá mílíọ̀nù kan díẹ̀, 12.5 kọ́bọ̀ ló ń fò lẹ́ẹ̀kan. Ó lè dúró lórí 37.5, ó lè dúró lórí 50, kò ríbi fẹsẹ̀ lé láàárín. 45 yín sún mọ́ 50, ibẹ̀ ló bọ́ sí.

Èmi náà ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí. Mo fi FLOAT kọ owó ilé ìwé kan nígbà kan. Obìnrin tó ń gbowó níbẹ̀ fi kalikulétọ̀ ro gbogbo rẹ̀ lójú mi, ó wá yí i sí mi láìsọ̀rọ̀. Òógùn ni mo fi dá a lóhùn.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà, kó yí àyè owó sí DECIMAL(15,2), nọ́ńbà 15 lápapọ̀, méjì nínú wọn fún kọ́bọ̀, ìyẹn ń pa nọ́ńbà mọ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ yíyí i ò ní dá 45 padà o. 50 tó bá níbẹ̀ ló máa gbà. Ẹ ó padà sídìí lẹ́jà, ẹ ó tún un tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà pé ẹ ò tíì fi lẹ́jà ọ̀hún dáná.

Bí ẹ bá ń ṣírò èlé, ẹ má gé e lójú ọ̀nà, ìparí ni kí ẹ ti gé e. Ní ọjà ìpín ìdókòòwò Vancouver ní Kánádà, 1,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òṣùwọ̀n ọjà wọn, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá iye owó ìpín ń lọ sókè tàbí ó ń wálẹ̀, lọ́dún 1982. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣírò ló ń gé ohun tó kọjá nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn póìntì dànù. Nígbà tó di November 1983, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 524. Wọ́n tún un ṣírò, ó lé ní 1,098.

Ó ku ti pínpín. ₦100,000 fún ẹni mẹ́ta jẹ́ ₦33,333.33, kọ́bọ̀ kan á ṣẹ́kù. Ẹ pinnu ẹni tó ni ín nípàdé. Nínú ẹgbẹ́ tèmi, àgbà wa ló ń gbà á, ó sì máa ń bèèrè rẹ̀.