Ẹ́ńjìnì kú lẹ́yìn tí bàálù kékeré gbéra: kí ló dé tí kò gbọ́dọ̀ padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Máfólúkù ni mò ń gbé, orí ilé wa ni bàálù ń gbà kọjá. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù kékeré, ó ní tísà àwọn sọ pé tí ẹ́ńjìnì bá kú bó ṣe gbéra báyìí, kó má wẹ̀yìn rárá, iwájú ni kó máa lọ. Kò yé mi. Ṣebí rọ́nwè ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Tísà yẹn ò purọ́ o. Ẹnjiníà ni mí, èmi kì í wa bàálù, àwọn tó ń wà á ló ń gbé e wá bá mi n'Íkẹjà níbí, ó sì ti lé lógún ọdún.

Bàálù tó ń gòkè, imú ẹ̀ wà lókè, tí ẹ́ńjìnì bá kú pẹ́nrẹ́n sípíìdì ti ń lọ nìyẹn, àfi kí páílọ́ọ̀tì tẹ imú yẹn wálẹ̀ kíá, bẹ́ẹ̀ sì rèé ilẹ̀ ló ń wò lójú yẹn, ara ò fẹ́ ẹ. Cessna 172 táwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń lò, tó bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan wálẹ̀ á lọ síwájú bíi mẹ́sàn-án, tó bá wà ní 500 ẹsẹ̀ bàtà kò ní lọ tó kìlómítà kan ààbọ̀, ìyẹn tó bá lọ tààrà o. Kó wá yí? Tó bá fẹ̀gbẹ́ ní digírì 45, sípíìdì tí ìyẹ́ nílò kó tó lè gbé e dúró á fi bí ìdá 19 nínú 100 lé sí i. Tó bá sì yí 180 tán, ẹ̀gbẹ́ rọ́nwè ló máa bá ara ẹ̀, kì í ṣe orí ẹ̀, ó ṣì kù kó yí sí i. Ibi tó ti ń fa imú sókè pé kóun ṣáà débẹ̀ ni ìyẹ́ ti máa ń jọ̀wọ́ ẹ̀, á já bí àgbọn. Tó bá ti ga dáadáa, ìyẹn yàtọ̀, àmọ́ kó tó gbéra ló ti gbọ́dọ̀ pinnu gíga yẹn.

Ẹ lè ní ilé ló kún iwájú n'Íkẹjà. Òótọ́ ni, títì tàbí pápá tó bá rí níwájú ni kó mú. Jabiru, bàálù kékeré kan tó já sí títì Ọba Akran n'Íkẹjà ní August 1, 2023, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó sì jóná, síbẹ̀ àwọn méjì tó wà nínú ẹ̀ yè é.

Nínú ohun tó lè pa ẹ́ńjìnì, èyí tó ká èmi lára jù ni epo tí omi bá wọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan, mo fi ife kékeré fa epo lábẹ́ ìyẹ́, epo yẹn búlúù lókè, omi sì ń yí nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Oníbàálù ń kánjú, ó ní ṣebí díẹ̀ náà ni. Díẹ̀ yẹn lè má ṣe nǹkan kan tó bá ń rìn nílẹ̀, ìgbà tó bá ki gbogbo iná bọ̀ ọ́ láti gbéra ló máa dé inú ẹ́ńjìnì. Ife karùn-ún ló tó mọ́. Ẹ sọ fún àbúrò yín kó ra ife tiẹ̀, kò wọ́n.