Ṣé èébú ni “ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá” fún ẹni tó wà nípò?

Ìbéèrè: Níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì dírẹ́kítọ̀ kan ní Kúbwà, l’Ábújá, akéwì ki baba náà títí, ó wá ní: “Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Aólẹ̀ la di àdìkálẹ̀.” Inú bí àwọn kan nínú ẹbí. Wọ́n ní ṣe ló fi baba ṣẹlẹ́yà. Ta ni Aólẹ̀? Ṣé èébú ni lóòótọ́?

Ìdáhùn: Òwe àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe èébú rárá. Èyí tó gbé tẹ̀ lé e ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe nítorí pé ó burú, bí kò ṣe nítorí ibi tó ti sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí “ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá”. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan nínú rẹ̀. Kò sọ pé ìgbà lé ọba kúrò, kò sọ pé ọba ló ni ìgbà. Ó kàn to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọba kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀, àti bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohùn ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ. “Ọba” jẹ́ re re, “ìgbà” jẹ́ dò dò, “mẹ́wàá” kò sì yí padà. Bí onílù bá fi dùndún sọ ọ́, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ọba wá sí ibi ìgbà. Onílù tó bá kánjú, tó lu re re lẹ́ẹ̀mejì, ti bà á jẹ́: “ọba mẹ́wàá, igba mẹ́wàá” ló sọ yẹn, ìyẹn ẹgbàá. Bákan náà ni fún ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ìpè láìfi àmì sí i.

Ìlà kejì ló lọ́rọ̀ nínú jù. Aláàfin Ọ̀yọ́ ni Abíọ́dún àti Aólẹ̀. Abíọ́dún ló ṣẹ́gun Baṣọ̀run Gáà, ìjòyè ìkà tó ń jẹ gàba lé ọba lórí, ní 1774. Ìgbà rẹ̀ tura, owó ẹyọ pọ̀ débi pé igbá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó wàjà ní 1789, Aólẹ̀ sì jọba. Láàárín ọdún méje péré, àwọn ìjòyè dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi igbá òfìfo tí a dé ránṣẹ́ sí i. Àmì nìyẹn pé orí rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó mọ ìtàn yìí á gbọ́ igbá méjì nínú ìlà kan ṣoṣo: igbá tó kún fún owó, àti igbá òfìfo tí akéwì kò dárúkọ.

Ẹ tún wo ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú ewì náà. Kì í ṣe ọba. “La fi igbá wọn owó”, “la di àdìkálẹ̀”: àwa ará ìlú ni. Àwa la wọn owó, àwa náà la di ẹrù kalẹ̀ láti sá. Ewì Yorùbá kì í sábà ṣe àpèjúwe bí adé ṣe já bọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ ará ìlú ló máa ń fi hàn wá. Lójú tèmi, kò sí ọ̀nà tó mú ju èyí lọ láti wọn agbára ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán l’Ọ̀yọ́. Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wà lára àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ Aólẹ̀. Òun náà di alágbára ní Ìlọrin, ó pe Ṣèhù Àlímì, àáfà Fúlàní kan, mọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn jamáà, ìyẹn ọmọ ogun Mùsùlùmí tó fi ń jagun, ló yí padà tí wọ́n pa á. Ọmọ Àlímì, Abdusalami, ló di ẹ́míà àkọ́kọ́, ìdílé wọn ló sì wà lórí oyè títí dòní. Màgàjí Àárẹ̀ ni olórí ìdílé Afọ̀njá ń jẹ́. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ oríkì ìlú náà: “Ìlọrin Afọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀... ẹṣin leegún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.” Orúkọ ẹni tí agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣíwájú, ẹṣin àwọn tó borí sì tẹ̀ lé e. Oyè lọ, oríkì kò lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kúbwà. Bí akéwì bá ń ki èèyàn, ìbà ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà oríkì orílẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà, kí ọ̀rọ̀ ìgbà tó wọlé, kí ìwúre sì tẹ̀ lé e kíákíá. Ṣùgbọ́n níbi ìfẹ̀yìntì, ìlà Abíọ́dún àti Aólẹ̀ léwu. Bí baba bá jẹ́ Aólẹ̀, ẹ ti bú u. Bó bá jẹ́ Abíọ́dún, ẹni tó fẹ́ gbapò rẹ̀ lẹ bú, òun náà sì lè wà ní tábìlì iwájú. Òwe tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ló yẹ ibẹ̀: “Ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn, ìgbà ò tọ́ lọ bí òréré.” Ó ṣe tán, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló mọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti wọṣẹ́ pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni àwọn ó lọ. Kò sí èpè nínú kéèyàn rántí rẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ìkìlọ̀ gidi ni “Bí o láyà, kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́.” Ẹ gbọ́ “o” inú rẹ̀. A kì í nà án sí àgbàlagbà lójú agbo.

Nígbà mìíràn, bí akéwì bá ti ní “ọba mẹ́wàá”, kí àwọn ọmọ baba yára dáhùn pé “ìgbà mẹ́wàá”, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ìwúre wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè là ń kí pé “ìgbà yín á tù wá lára”. Fún ẹni tó ń fẹ̀yìn tì, ẹ yọ “á” yẹn kúrò: “ìgbà yín tù wá lára.”