Iná airbag kò tàn, ẹ ní kò sí ewu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Honda Accord 2003 ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston fi nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ìpèpadà wà lórí airbag rẹ̀ (báàgì tó ń wú jáde láti dáàbò bo ènìyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan), tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe. Mo gbé e lọ bá ríwáyà mi. Ó ní iná airbag kò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, kò kàn mí. Ó ní tí ọkàn mi kò bá balẹ̀, òun á bá mi wá airbag mìíràn ní ọjà Ládìpọ̀, kí òun yọ ti tẹ́lẹ̀ dànù. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ pe ríwáyà yẹn lónìí, kí ẹ ní kó má fọwọ́ kan sítíárì yín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ka ìyókù.

Ẹ kú oríire ẹ̀gbọ́n tó mọ ohun tó yẹ kó wò. Ọ̀pọ̀ tó ń wa Tòkunbọ̀ ni kò rí ẹni bá wọn wò ó. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá rí àléébù tó lè pa ènìyàn, tí wọ́n sì pe ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Mọ́tò ti wọ ọkọ̀ òkun, ó ti gúnlẹ̀ sí Èkó, ẹ ti rà á, lẹ́tà ṣì ń lọ sílé ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n àléébù kò dúró sí Amẹ́ríkà. Inú ọkọ̀ ló wà, ó bá a wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dojú kọ ọ̀rọ̀ tí ríwáyà yín sọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń béèrè nípa airbag lọ́wọ́ mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún: “Iná kò tàn, nítorí náà airbag dára.” Ó ń bí mi nínú gan-an, nítorí àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ yẹn gbé ìyàwó àti ọmọ jókòó síwájú ohun tó lè pa wọ́n.

Ohun tí iná yẹn mọ̀ kò ju èyí lọ. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kọ̀ǹpútà airbag á rán iná mànàmáná díẹ̀ gba inú wáyà rẹ̀ kọjá. Ó ń wò bóyá wáyà kan ti já, bóyá ẹnu wáyà ti tú, bóyá sẹ́ńsọ̀ ń dáhùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, iná á tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, á sì kú. Wáyà ló yẹ̀ wò. Kò sí ohun kan nínú ọkọ̀ yín tó ń yẹ inú agolo wò.

Agolo wo? Lẹ́yìn báàgì aláṣọ tó ká jọ sínú sítíárì, agolo irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní inflator. Ẹ̀tù ló wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹ̀tù náà á gbiná, gáàsì rẹ̀ á sì kún báàgì kí ojú tó ṣẹ́. Takata, ilé iṣẹ́ ará Jàpáàn tó ṣe agolo yìí fún Honda, Toyota àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, lo ammonium nitrate, èròjà tó wà nínú ajílẹ̀ oko, tí wọ́n sì fi ń fọ́ òkúta ní kúárì. Ammonium nitrate àti ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rẹ́. Nínú púpọ̀ àwọn agolo náà, Takata kò fi èròjà kankan tó ń fa omi mu sí i.

Ọkọ̀ á wà nínú oòrùn lọ́sàn-án, á tutù lóru, ọ̀rinrin á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ọdún á sì máa gorí ọdún. Ẹ̀tù tí wọ́n tẹ̀ ní hóró-hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á máa rún. Èérún ẹ̀tù sì ń jó kíákíá ju odidi lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, gáàsì á pọ̀ ju ohun tí agolo lè gbà lọ, agolo á bẹ́, irin rẹ̀ á sì gba inú báàgì jáde ní wẹ́wẹ́. Ọrùn àti ojú awakọ̀ ló kọjú sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan kú báyìí nínú Accord 2001. Ìkọlù kékeré ni, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwé, irú èyí tó yẹ kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ kó máa bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn lórí bọ́ńpà.

Wáyà tó wọ inú agolo yẹn lè pé ṣánṣán. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù á kú bó ṣe yẹ, ẹ̀tù á sì ti di èérún nínú.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 agolo Takata ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan. NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀, fi àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná tó sì lọ́rinrin ṣíwájú nínú àtúnṣe náà: Florida, Texas, Puerto Rico àti irú wọn. Texas ni Houston ẹ̀gbọ́n yín wà. Ìbàdàn ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń sun ìta nínú òjò oṣù kẹfà, tó sì ń yan nínú oòrùn oṣù kejì, ṣé ẹ rò pé ó sàn ju ti Houston lọ ni? Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà ni, òdì-òdì ló sọ ọ́.

Ní ti Ládìpọ̀, mo ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ níbẹ̀, n kò sì bú ọjà náà. Ṣùgbọ́n airbag àlòkù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà. Ara ọkọ̀ tó ti ní jàmbá ni wọ́n ti tú u, kò sẹ́ni tó mọ ọdún rẹ̀, ó sì lè jẹ́ Takata tó dàgbà ju tiyín lọ. Lọ́dún 2016, NHTSA kìlọ̀ nípa agolo tí wọ́n ń pè ní Alpha, tó wà nínú àwọn Honda àti Acura kan láàárín 2001 sí 2003, títí kan Accord 2001 àti 2002: àyẹ̀wò fi hàn pé nínú ìkọlù, ó lè tó ìdajì wọn tó máa bẹ́. Accord 2003 kò sí nínú wọn. Lọ́dún 2017, irin airbag gún ọmọbìnrin kan lọ́rùn ní Las Vegas nínú Honda kan. Inú Accord 2001 tó ti ní jàmbá ni wọ́n ti yọ airbag náà. Ṣé ẹ rí ohun tí ríwáyà yín fẹ́ bá yín rà? Àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ náà ńkọ́? Lọ́dún 2024, NHTSA tún kìlọ̀ pé irú wọn ti pa ènìyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi tẹ́sítà kan wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tó wọ inú sítíárì. Iná díẹ̀ tó wà nínú tẹ́sítà tó láti mú airbag bú lójú ẹni tó tẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè wò. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo àmì SRS, ìyẹn iná airbag ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gbọ́dọ̀ tàn kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kó fi nǹkan bò ó, ó sì ṣeé ṣe kí airbag gan-an má sí níbẹ̀ mọ́. Èmi kò tíì fojú rí ọkọ̀ yín, nítorí náà ẹ má fi ohun tí mo kọ síbí dípò àyẹ̀wò.

Ẹ tún fi nọ́ńbà ṣáàsì wò ó lórí ìkànnì Honda ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ẹ rántí pé kì í sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà náà; bí ẹ bá rí ohun tó jọ wọ́n, òdo tàbí oókan ni. Ẹ tẹ ìwé àbájáde rẹ̀ jáde, kí ẹ gbé e lọ bá aṣojú Honda tó ní àṣẹ ní Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni níbí. Nítorí náà ẹ kọ̀wé, ẹ má fẹnu lásán béèrè, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà.

Kó tó di ìgbà náà, bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn, ẹ jẹ́ kí èyí sinmi. Bí kò bá sí, ẹ wà á níwọ̀nba tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kí bẹ́líìtì má kúrò láyà yín, kí ìjókòó yín sún sẹ́yìn tó fi jẹ́ pé àyà yín jìnnà sí sítíárì ní ó kéré tán 25 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn kò dá irin dúró o. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aṣojú náà, ẹ béèrè airbag méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpèpadà ti awakọ̀ yàtọ̀ sí ti èrò iwájú, wọ́n sì lè ti tún ọ̀kan ṣe ní Amẹ́ríkà kí èkejì ṣì wà bó ṣe wà.