Kí ni "Press" túmọ̀ sí nínú Oxford University Press?

Ìbéèrè yìí ni pé: kí ló dé tí iléeṣẹ́ ìwé yunifásítì Oxford, tó pa ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ dé ní 1989, tó sì pa ẹ̀ka ìtẹ̀wé kékeré tó kù dé ní 2021, ṣì ń jẹ́ "Press"?

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti ní ìdajì ìdáhùn lẹ́nu: "tẹ̀" inú "ìtẹ̀wé" ni. Orúkọ ẹ̀rọ onígi tó ń tẹ bébà mọ́ lẹ́tà ni "press". Orúkọ ẹ̀rọ ló di orúkọ ilé.

Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Oxford sọ ọ́ gbangba níparí: "Impressa Oxonie", Oxford la ti tẹ̀ ẹ́. Theodoric Rood, ará Cologne ní Jámánì, ni wọ́n gbà pé ó tẹ̀ ẹ́. Ọdún tó wà níbẹ̀ ni M.cccc.lxviij, ìyẹn 1468. Àṣìṣe ni, x kan ló fò, 1478 ló yẹ kó jẹ́. Caxton tó gbé ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dé Westminster títí di 1476. Síbẹ̀, àwọn kan fi x tó fò yìí jiyàn pé Oxford ló ṣáájú!

Irú x bẹ́ẹ̀ kò ṣòro fò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì yí sódì bí ohun tí a rí nínú dígí. Tí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù aláwọ pa tàdáwà sí i, wọ́n á fi bébà tí wọ́n ti fi omi rin lé e. Bébà gbígbẹ kì í gba tàdáwà dáadáa. Èyí tó bá rin díẹ̀, tàdáwà á ràn lára rẹ̀. Ẹnì kan á wá fa ọ̀pá síkúrúù, pákó á sì tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Òǹtẹ̀wé tó ń ṣòwò tirẹ̀ ni Rood. Ní 1584 ni yunifásítì yá Joseph Barnes ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn láti fi dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀. Àṣẹ ìjọba tẹ̀ lé e ní 1586. Ní 1636, William Laud, olórí (Chancellor) yunifásítì náà, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba Charles Kìíní pé kí yunifásítì máa tẹ onírúurú ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí: "Press" di ẹ̀tọ́, kì í ṣe igi àti òjé nìkan mọ́. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Delegates ló ń pinnu ìwé tí yóò jẹ́ orúkọ yunifásítì títí dòní, ẹni yòówù kó bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, "ilé ìtẹ̀wé" bá ti Barnes mu. Fún ti òní, "atẹ̀wéjáde" ni mo fara mọ́.