Dungeons & Dragons fún àwọn ọmọ nílé: èsì fún Ìyá Ìbejì

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Houston la wà. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò wọn jẹ́ ọmọ ọdún 7. Wọ́n gbọ́ nípa Dungeons & Dragons, eré ìtàn àfẹnusọ tí wọ́n ń fi dáìsì ṣe, nílé ìwé, wọ́n wá ní àfi kí n darí rẹ̀ fún àwọn nílé. Mo ti ra àpótí ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé inú rẹ̀ ń dẹ́rù bà mí. Bàbá wọn ní eré òkùnkùn ni. Èmi rò ó pé mo lè fi kọ́ wọn ní Yorùbá díẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Leeds lèmi ń gbé, ọmọ méjì ni Olúwa fún wa, ìgbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà la sì ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Bàbá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà tí ẹ wà yẹn. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan fi ń pariwo pé iṣẹ́ èṣù ni, tí ìyá kan sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1983 láti gbógun tì í. Ẹ bi Bàbá Ìbejì léèrè pé àwọn wo ló wà nínú àlọ́ tí ìyá wọn pa fún wọn. Iwin, egbére, igi tó ń sọ̀rọ̀. Ṣé ìyẹn sọ wọ́n di oṣó? Ẹ ní kí wọ́n jókòó tì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.

Ìwé tó ń bà yín lẹ́rù yẹn, ẹ má wulẹ̀ kà á tán. Ẹ̀yin ń sọ ìtàn, àwọn ọmọ ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Ohun tó bá rọrùn, ẹ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá ṣòro, ọmọ á ju dáìsì olójú 20, ẹ ó fi iye tó wà nínú ìwé akọni rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń ṣe nínú ìtàn, kún un. Tí àròpọ̀ bá dé 10, ó tó fún ohun tí kò le púpọ̀. 15 fún èyí tó le díẹ̀. 20 fún èyí tó le gan-an. Ìyẹn náà ni. Àwọn dáìsì olójú 4, 8 àti 12 tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, ìgbà ìjà ni wọ́n wúlò jù. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣẹ̀dá akọni tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀ á ṣú. Kí wọ́n mú nínú àwọn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ sínú àpótí. Ẹ bi olúkúlùkù ní tirẹ̀ pé "Kí lo fẹ́ ṣe?", torí Kẹ́hìndé á ní kí Táíwò kọ́kọ́ wọ ihò lọ wò ó, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Àbúrò wọn kò nílò ìṣirò kankan. Ẹ fún un ní ajá nínú ìtàn.

Ti Yorùbá yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Lásìkò yẹn, Fèyí, àkọ́bí mi, ń ṣẹ̀dá akọni tuntun, ẹ ó sì rí i pé àyè kan wà nínú ìwé akọni fún àwọn èdè tó gbọ́. Kò bi mí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá. Inú mi dùn dé ibi pé mo yí ìtàn padà: mo fi ìyá àgbà kan sí oríta inú igbó, òun nìkan ló mọ̀nà, mo sì bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ ìyá náà. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa, ta ló rán ọ wọ igbó yìí? Ọmọ ta ni ọ́?"

Fèyí gbé dáìsì, ó jù ú, 18. Ó fò sókè, ó ní òun ti gbọ́ ọ. Ó wá yíjú sí mi, ó ń retí kí n sọ ohun tí akọni òun gbọ́ fún òun.

Mo bá ṣe ògbufọ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, èsì tó dára, pé ọba ìlú òun ń ṣàìsàn, ewé tó lè wò ó sàn sì wà ní ìkángun igbó. Mo tún ṣe ògbufọ̀ ìyẹn fún Màmá. Bí a ṣe ń lọ tí a ń bọ̀ nìyẹn, tí dáìsì ń dún lórí tábìlì, títí Màmá fi bọ́ kúrò nínú eré, tí wọ́n dojú kọ mí: "Ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ ju nǹkan yìí kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí mo bá wí ni?" Fèyí ní kí ni Grandma sọ. Mo ní wọ́n ní ó káre. Olùkọ́ ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò gbọ́ níbẹ̀.

Wọ́n bá wa ṣe é parí, a rí ewé náà. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, oríkì ni wọ́n fi ń kí Fèyí lórí WhatsApp, Àǹkẹ́ títí, ọmọ náà á sì kúnlẹ̀ níwájú fóònù láìmọ ìdajì ohun tí wọ́n ń wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sílé, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bóyá wọ́n fẹ́ kó rọrùn fún ọmọ ni, bóyá wọ́n ti gbà pé ó ti bọ́ ni. Mi ò tíì lè bi wọ́n.

Ẹ má sì wò mí bí ẹni tí kò bìkítà. Nígbà tí Fèyí pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ká mú èdè kan ṣoṣo, ká sì mú Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nígbà náà, ìyàwó mi ń ṣe tọ̀sán. Ta ni ì bá pàlọ́? Àwọn tó wà ní Lẹ́kí náà ńkọ́, ṣé Yorùbá làwọn ọmọ tiwọn ń sọ ni?

Ní tiyín, ẹ má jẹ́ kí dáìsì bá èdè ṣe rárá. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ni ẹnu ọ̀nà: kò sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí nínú ìtàn wa àfi tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe "Àgò o", kí n dáhùn pé "Àgò yà". Àbúrò Fèyí ti ń pè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ báyìí, àwọn òyìnbó yẹn kàn ń wò ó ni. Mo ní àwọn mìíràn lọ́kàn tí mi ò tíì ráyè ṣe. Tí ìyá yín bá wá kí yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó wòran, ẹ má fi wọ́n jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Tí ẹ bá sì ṣe é, tó yọrí sí rere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ṣe é.

Bàbá Fèyí, Leeds